Fọ́ọ̀mù S5 ti dé: ọmọ tó ń fẹ́ Medicine tàbí Nursing ní Scotland, iṣẹ́ (subject) wo ni kó mú?

MàmáS4_Glasgow

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ wa obìnrin wà ní S4 (ọdún kẹrin sẹ́kọ́ńdírì) ní Glasgow. Nat 5 (National 5, ìdánwò tí wọ́n sábà máa ń ṣe ní S4) mẹ́fà ló ń ṣe: English, Applications of Mathematics, Chemistry, Biology, Modern Studies àti Business Management. Èsì prelim (ìdánwò àṣewò ilé ìwé) rẹ̀: A ní Applications àti Biology, B ní Chemistry, English àti Modern Studies, C ní Business. Fọ́ọ̀mù tí a fi ń yan iṣẹ́ S5 (ọdún karùn-ún) ti dé sílé. Kọ́lọ́ọ̀mù márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ kan péré ni wọ́n ní kó mú nínú kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Medicine ló wà lọ́kàn rẹ̀. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, Nursing.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì lè ṣe Higher Maths (Higher ni ìpele tó tẹ̀ lé Nat 5) pẹ̀lú Applications tó ń ṣe yìí. Higher mélòó ló yẹ kó gbé lẹ́ẹ̀kan? Níbo ni ọmọ ti lè rí ìrànlọ́wọ́ ìwé kíkà tí a ò ní máa san owó lẹ́sìnnì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ti England dá mi lóhùn. GCSE àti A-level tí wọ́n ń sọ fún mi káàkiri ti sú mi.

---

Olùkọ́_Ìṣirò

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Mà. Ọ̀rọ̀ ìṣirò yẹn ló le jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, torí náà ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Applications of Mathematics àti Mathematics kì í ṣe iṣẹ́ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nat 5 ni wọ́n ń pe méjèèjì. Applications dá lé owó oṣù, owó orí, èlé, ìwọ̀n, ètò àkókò àti kíka àwòrán ìṣirò. Nat 5 Mathematics ni wọ́n ti ń kọ́ quadratic, surds, vectors, trigonometry àti algebra tó wúwo, orí àwọn wọ̀nyẹn sì ni Higher Maths gúnlẹ̀ sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kì í ṣe pé ọmọ yín kò mọ ìṣirò o, A tó gbà fi hàn pé ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e láti Applications bọ́ sínú Higher Maths, kò ní tíì pé oṣù kan tí calculus yóò fi dé bá a, kò sì ní ní algebra tí yóò fi gbé e. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ò tiẹ̀ ní gbà. A tàbí B nínú Nat 5 Mathematics ni wọ́n máa ń bèèrè kí ọmọ tó wọ Higher.

Ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún un ni pé kó mú Nat 5 Mathematics ní S5 pẹ̀lú Higher mẹ́rin, kó wá ṣe Higher Maths ní S6. Ilé ìwé púpọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń fi àwọn ọmọ S5 sínú kíláàsì kan náà pẹ̀lú àwọn S4. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó kọ́ Nat 5 Maths láàárín oṣù mẹ́ta tó kù sí ìdánwò May yìí, ẹ má gbà. Yóò ba Chemistry àti English tó ń ṣe lọ́wọ́ jẹ́.

Wọ́n lè sọ fún yín pé Higher Applications of Mathematics náà wà. Òótọ́ ni, láti 2021 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ gidi ni: statistics, ètò owó, kíkọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà yanjú ìṣòro. Ṣùgbọ́n níbi tí yunifásítì bá ti kọ "Mathematics" sí ojúewé kóòsì rẹ̀, ẹ má rò pé Applications wà nínú rẹ̀. Ẹ wá gbólóhùn tó dárúkọ Applications fúnra rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fi ímeèlì bèèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìgbaniwọlé, kí ẹ sì tọ́jú èsì rẹ̀. Engineering àti Physics ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dí ọmọ lọ́nà jù.

---

Àǹtí_Lab

Mo fara mọ́ ohun tí Olùkọ́ sọ. Ẹ jẹ́ kí n gbé ti Medicine kalẹ̀ bó ṣe rí gan-an.

Yunifásítì márùn-ún ni ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé lè gbà wọ Medicine ní Scotland: Aberdeen, Dundee, Edinburgh, Glasgow àti St Andrews. Higher Chemistry kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan nínú wọn. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan tàbí méjì láàárín Biology, Maths àti Physics ni wọ́n tún ń béèrè, ilé ìwé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìlànà tirẹ̀. Wọ́n tún máa ń béèrè English àti Mathematics ní Nat 5, ó sábà máa ń jẹ́ B sókè. Torí náà, Nat 5 Maths tí Olùkọ́ ní kó mú ní S5 kì í ṣe fún Higher Maths nìkan, òun fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ìwé ìwọlé níbi tí wọn kò bá gba Applications.

Ibi tó máa ń dùn wọ́n nìyí: kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ka Higher S5 pọ̀ mọ́ ti S6. Àwọn kan fẹ́ kí ọmọ ti ní Higher márùn-ún lápapọ̀ kó tó kúrò ní S5, A mẹ́rin àti B kan ni ẹ ó sì máa rí jù. Ọmọ tó bá ṣe Higher mẹ́rin àti Nat 5 kan ní S5 ti sọ àwọn ìyẹn nù, àyàfi tí ojúewé wọn bá sọ ohun mìíràn. Àwọn tó ń ka ọdún méjèèjì pọ̀ ló kù fún un. Ẹ ṣí ojúewé márààrún lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: iṣẹ́ tí wọ́n fi dandan lé, iye Higher tí wọ́n fẹ́ ní S5, àti bóyá wọ́n gba Higher tí a ṣe ní S6. Ní ojúewé yẹn náà, ẹ wo apá tí wọ́n kọ "contextual" tàbí "minimum entry" sí. Bí àdírẹ́sì yín bá wà ní àdúgbò tí SIMD (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ àdúgbò tó tálákà) kà sí ara ìdá kan nínú márùn-ún tó tálákà jù ní Scotland, gíréèdì tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lè wálẹ̀. Póstìkóòdù nìkan ni ẹ máa tẹ̀ láti mọ̀.

Ohun tí èmi á kọ sí fọ́ọ̀mù yín: Higher Chemistry, Higher Human Biology tàbí Biology, Higher English, Higher Modern Studies, Nat 5 Mathematics. Ẹ fi Business sílẹ̀. Ní S6: Higher Maths, Advanced Higher (ìpele tó ga ju Higher lọ) Chemistry, àti Advanced Higher Biology bí ilé ìwé bá ní in. Bí ilé ìwé yín kò bá ní Advanced Higher tó fẹ́, ẹ béèrè nípa Advanced Higher Hub tó wà ní Glasgow Caledonian University. Àwọn ọmọ ilé ìwé Glasgow máa ń lọ síbẹ̀ fún kíláàsì, wọ́n á sì padà sí ilé ìwé tiwọn.

UCAT, ìdánwò ìwọlé Medicine, ńkọ́? Kò kàn án ní ọdún yìí. Ẹ̀rùn tó ṣáájú S6 ni yóò ṣe é, láàárín July sí September. Láti 2025 wọ́n ti yọ Abstract Reasoning kúrò, apá mẹ́ta tó kù ni wọ́n ń ṣírò, 2700 sì ni àpapọ̀ tó ga jù, Situational Judgement wà lọ́tọ̀ pẹ̀lú Band 1 sí 4. Wọ́n ní ìrànlọ́wọ́ owó ìdánwò fún ìdílé tí owó rẹ̀ kò tó, ó dára kí ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Fọ́ọ̀mù UCAS, tí a fi ń béèrè àyè ní yunifásítì, ń ti ní 15 October fún Medicine, kóòsì Medicine mẹ́rin péré ló sì lè kọ sí i. Àyè karùn-ún ni yóò fi Nursing tàbí nǹkan mìíràn sí.

Nursing ò le tó bẹ́ẹ̀ rárá. Higher mẹ́rin ní gíréèdì B àti C ni ẹ ó máa rí jù, English wà lára rẹ̀, pẹ̀lú sáyẹ́ǹsì kan, àti ìṣirò ní Nat 5. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló ń gba Applications láìjanpata. Torí náà fọ́ọ̀mù tí mo kọ lókè yẹn ti bo Nursing mọ́lẹ̀ pátápátá.

Èyí tí kò sẹ́ni tó béèrè: Pharmacy wà láàárín méjèèjì. Strathclyde àti Robert Gordon nìkan ló ń kọ́ ọ ní Scotland, Chemistry sì ni òpó rẹ̀. Kí ọmọ náà yẹ̀ ẹ́ wò.

---

Ará_Aberdeen

Ẹ jẹ́ kí èmi mú ti ìrànlọ́wọ́. Kí ẹ tó ná owó kankan sí lẹ́sìnnì, ẹ lo àwọn ọ̀fẹ́ yìí tán.

Ìkíní ni e-Sgoil. Stornoway ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ilé ìwé Scotland ló wà fún. Ní ìrọ̀lẹ́, tíṣà gidi máa ń kọ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Nat 5, Higher àti Advanced Higher, ọmọ lè béèrè ìbéèrè nígbà tó ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n tún máa ń ṣe ti ìsinmi Easter. Àdírẹ́sì Glow (àkáǹtì orí íntánẹ́ẹ̀tì àwọn ilé ìwé Scotland) tí ilé ìwé fún un ni yóò fi wọlé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ti gbàgbé password Glow wọn láti S1, kó lọ tún un ṣe ní ọ́fíìsì ilé ìwé lọ́la.

Ìkejì ni SCHOLAR ti Heriot-Watt. Ó ní àlàyé àti ìdánwò kéékèèké fún Chemistry, Biology, Human Biology, Maths àti àwọn mìíràn. Tíṣà rẹ̀ ni yóò fún un ní login.

Ìkẹta, tó ju méjì ìṣáájú lọ lójú tèmi, ni past paper pẹ̀lú marking instructions. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì lórí ojúewé SQA, àjọ ìdánwò Scotland, tí Qualifications Scotland ti rọ́pò báyìí. Àwọn ọmọ wa máa ń ṣe past paper, wọ́n á sì wo ìdáhùn nìkan. Marking instructions gan-an ni kí wọ́n kà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ohun tí máàkì kọ̀ọ̀kan wà fún. Ẹ wò ó bó ṣe rí ní Higher Maths. Wọ́n ní kó wá stationary points y = x³ − 3x² + 4. Ọmọ kọ dy/dx = 3x² − 6x, ó kọ x = 0 àti x = 2, ó sì rí (0, 4) àti (2, 0). Gbogbo rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n kò kọ "dy/dx = 0" níbì kankan, máàkì kan ti lọ nìyẹn, torí wọ́n fẹ́ rí i pé ó mọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tó bá kàn fò jáde láti inú calculator láìsí ìṣe lókè rẹ̀ kì í gba máàkì tó pé.

Ní Higher Chemistry, ìbéèrè alámàákì mẹ́ta kan máa ń wà tí wọ́n á ní kó lo ìmọ̀ Chemistry rẹ̀ láti fi ṣàlàyé nǹkan. Kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Ìwọ̀n òye ni wọ́n fi ń fún un ní 1, 2 tàbí 3. Àwọn ọmọ tó ń bẹ̀rù máa ń fi í sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ gbólóhùn méjì tó bá ọ̀rọ̀ mu lè mú máàkì kan wá. Assignment rẹ̀ náà wà, 30 nínú 150 ni wọ́n fi í ṣe, ilé ìwé ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Kó má pa ọjọ́ àṣeyẹ̀wò inú lab jẹ.

English ni ọmọ tó kọ́kọ́ kàwé ní Nàìjíríà ti máa ń kọsẹ̀, kì í sì í ṣe torí pé kò gbọ́ èdè. Ní comprehension tiwa, wọ́n máa ń gbà kí ọmọ ṣa gbólóhùn látinú àyọkà. Ní RUAE (Reading for Understanding, Analysis and Evaluation, ìwé ìdánwò àyọkà) ti Higher, bí ìbéèrè bá ní "in your own words", ọ̀rọ̀ tó bá ṣà láti inú àyọkà bó ṣe wà ò ní gba nǹkan kan. Ní ìbéèrè lórí èdè òǹkọ̀wé, bó bá fa ọ̀rọ̀ yọ láìsọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe, òdo ni. Àlàyé ló ń gba máàkì. RUAE gba 30 nínú ọgọ́rùn-ún, Critical Reading gba 40, portfolio tó máa ń kọ kí ìdánwò tó dé gba 30 tó kù. Nítorí náà kó má fi portfolio jáfara, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta máàkì rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú May.

Bí ẹ bá pàpà gba tíṣà lẹ́sìnnì, ẹ bi í léèrè ìdánwò tó ń kọ́ fún. Ọ̀pọ̀ tíṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì GCSE àti A-level ni wọ́n mọ̀, ìwé tí wọ́n ń lò kò sì bá ti Scotland mu. Ẹ tún béèrè PVG rẹ̀, ìwé àyẹ̀wò fún àwọn tó ń bá ọmọdé ṣiṣẹ́. Láti April 2025 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó ń kọ́ ọmọdé lẹ́sìnnì.

Ohun kan tó kù: kí ó béèrè lọ́wọ́ guidance teacher rẹ̀ bóyá ilé ìwé wọn wà nínú REACH, ètò tó ń tọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba sọ́nà Medicine, Law àti irú wọn. FOCUS West náà ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé ìwé kan ní apá Glasgow. Ilé ìwé ni wọ́n ti ń yan ọmọ sínú wọn, kì í ṣe ilé, nítorí náà ẹni tí kò béèrè kì í rí i.

---

MàmáS4_Glasgow

Ọlọ́run á san án fún yín o. Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé kó mú Biology àti Human Biology pọ̀, kó lè kún? Èkejì: físà Skilled Worker ni bàbá rẹ̀ ń lò, àwa dependant. August 2023 la dé Glasgow. Ṣé SAAS, àjọ tó ń san owó yunifásítì fún àwọn ọmọ Scotland, á san owó ilé ìwé rẹ̀ àbí owó àjèjì la máa san?

---

Àǹtí_Lab

Rárá o, Mà. Yunifásítì kì í sábà ka Biology àti Human Biology sí méjì. Ọ̀kan ni kó mú. Human Biology kò sí ní Nat 5, láti Biology náà ni wọ́n ti ń bọ́ sínú rẹ̀, nítorí náà kò ní dí i lọ́wọ́. Fún Nursing àti Medicine, mo fẹ́ràn Human Biology, ṣùgbọ́n bí ilé ìwé bá ní tíṣà Biology tó dára jù, kó tẹ̀ lé tíṣà.

---

Ẹ̀gbọ́n_Dundee

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti SAAS.

Ọmọ tó bá tó ẹni tí SAAS ń ràn lọ́wọ́, £1,820 ni owó kóòsì rẹ̀ lọ́dún. SAAS ni yóò sì san án tààrà fún yunifásítì. Ẹni tí kò tó o, owó àjèjì tó lè ju £20,000 lọ lọ́dún ni yóò san, Medicine tún ga ju ìyẹn lọ. Ìdí nìyí tí ìwé ìgbélùú fi ṣe pàtàkì ju gíréèdì lọ nínú ọ̀ràn yìí.

Ohun tí wọ́n máa ń wò: pé ọmọ ti gbé ní UK fún ọdún mẹ́ta gbáko kí kóòsì tó bẹ̀rẹ̀, pé ó ń gbé ní Scotland ní 1 August ọdún tó fẹ́ wọlé, àti irú ìwé àṣẹ ìgbélùú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti August 2023 yín, ọdún mẹ́ta yóò ti pé kó tó parí S6, ìyẹn ò ṣòro. Èyí tó lè dí i lọ́wọ́ ni bí físà bá parí ṣáájú ọjọ́ tí kóòsì bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ti ọmọ náà yóò parí sí ara ògiri, kí ẹ tún un ṣe lásìkò, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ yín gan-an bèèrè lọ́wọ́ SAAS kí UCAS tó ti. Ẹ má fi ìtàn ọmọ ẹlòmíràn ṣe àpẹẹrẹ, ìwé àṣẹ kò rí bákan náà.

SAAS kì í rántí ọmọ láti ọdún dé ọdún. Ọdọọdún ni yóò máa béèrè, 30 June sì ni ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá bó bá fẹ́ kí owó wà nílẹ̀ nígbà tí kóòsì bá bẹ̀rẹ̀. Bó bá lọ sí Nursing, bọ́sárì £10,000 lọ́dún wà fún ẹni tó bá tó o, kì í ṣe gbèsè.

Nípa EMA, owó ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ tó ṣì wà ní ilé ìwé: £30 lọ́sẹ̀ ni, fún ọmọ ọdún 16 sókè tí owó ìdílé rẹ̀ kò pọ̀, £24,421 lọ́dún ni ààlà fún ìdílé ọlọ́mọ kan, £26,884 bí ọmọ bá ju ọ̀kan lọ. Ọ̀sẹ̀ tó bá pa ilé ìwé jẹ láìgba àyè kò ní rí i gbà. Òun náà ń wo ìwé ìgbélùú, kánsù ni ẹ ó bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan lórí prelim, torí ẹ dárúkọ rẹ̀. Bí àìsàn tàbí ọ̀fọ̀ bá ṣẹlẹ̀ lásìkò ìdánwò, iṣẹ́ tó ti ṣe ní ilé ìwé ni wọ́n fi ń wo ọ̀rọ̀ rẹ̀, prelim sì wà lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tọ́jú ìwé prelim rẹ̀. Ti appeal yàtọ̀: wọ́n á tún ìwé ìdánwò rẹ̀ wò, gíréèdì lè lọ sókè, ó sì lè wálẹ̀.

---

Olùkọ́_Ìṣirò

Mà, kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ẹ wo kọ́lọ́ọ̀mù tí Nat 5 Mathematics wà. Bó bá wà ní kọ́lọ́ọ̀mù kan náà pẹ̀lú Chemistry, kò lè mú méjèèjì, kò sì sẹ́ni tí yóò sọ fún yín títí timetable tuntun yóò fi bẹ̀rẹ̀ ní June. Ẹ kọ ímeèlì sí guidance teacher rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí: "Ó fẹ́ Higher Chemistry, Human Biology, English, Modern Studies àti Nat 5 Mathematics; ṣé kọ́lọ́ọ̀mù gbà á?" Bó bá jẹ́ Modern Studies ló forí gbárí pẹ̀lú ọ̀kan nínú wọn, òun ni kó jù sílẹ̀, kí wọ́n wá Higher mìíràn fún un ní kọ́lọ́ọ̀mù tó ṣí. Chemistry àti Maths kò gbọdọ̀ kúrò.